Wáyà Iwájú Píkọ́ọ̀pù

Ọ̀sán gangan ni Akóredé pè, ojú rẹ̀ kún inú fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi níwájú ilé wa ní Challenge, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé, oòrùn sì ń ta lórí páànù. Kí n tó dáhùn, ó ní, "Màámi, omi Nabeelah ti ya o, ó ń rọbí. Mọ́tò ò sì sítáàtì."

Mo dìde, aṣọ tí mò ń rán bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àkọ́bí mi ni Akóredé. Òun àti Nabeelah ìyàwó rẹ̀ wà ní Kánádà, lórí oko ńlá kan tí wọ́n ti ń sin màlúù, níbi tí ilé ò ti súnmọ́ ilé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn, ọ̀gá tó ni oko sì ti rìnrìn-àjò. Oyún méjì ló ti bọ́ lára ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Ìbàdàn níbí. Ìkẹta rèé, ó ti pé oṣù, a ò tiẹ̀ jẹ́ kí ará àdúgbò kankan gbọ́ sí i. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò tíì bà mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Pe àwọn ọlọ́kọ̀ ọsibítù!" ni mo pariwo.

"Mo ti pè wọ́n, Màámi. Èyí tó wà nítòsí ti gbé ẹlòmíràn lọ, òmíràn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní bí mọ́tò wa bá lè rìn, ká máa bọ̀, àwọn á pàdé wa lọ́nà."

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ariwo mi. Alhaji Abdulmojeed, ọkọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àìlá tán ni. Awakọ̀ ìjọba ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, píkọ́ọ̀pù ni wọ́n sì wà títí irun wọn fi funfun, láti Sẹkitéríàtì dé Moniya dé oko ìjọba gbogbo. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n lọ ra ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kan sínú àgbàlá wa, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń nù ún bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Bó bá di ọ̀rọ̀ mọ́tò, ẹ má bá ọkọ mi jiyàn. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," orin wọn nìyẹn. Mo ti gbọ́ òwe náà títí ó fi sú mi.

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ṣíná rẹ̀ kí n gbọ́."

A gbọ́ ọ. Ó kérora lẹ́ẹ̀kan, ó fa ohùn, gùùù, ó dákẹ́. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e, kì í ṣe mọ́tò ló ń kérora mọ́. Nabeelah ni. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e tìmùtìmù, imú rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Bátìrì ni," ni Alhaji wí. "Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín ì bá pa mí bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Wọ́n sáré lọ sídìí píkọ́ọ̀pù tiwọn, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí wọ́n lè máa fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn. Oòrùn ti mú irin náà gbóná, ó jó wọn lọ́wọ́, wọ́n ta kìjí. Lọ́hùn-ún, Akóredé ké pé òtútù ti lẹ ìka òun mọ́ irin, awọ ń bó.

"Lọ bu omi gbígbóná wá, dà á sórí bátìrì."

Bí gbogbo Ìbàdàn ti ń ṣe é nìyẹn, èmi náà ti bu omi náà fún wọn rí láìmọye ìgbà. Akóredé sáré bu ú wá, ó dà á. Lójú wa báyìí ni omi náà di yìnyín, tó funfun sórí bátìrì.

"Tún ṣíná rẹ̀."

Gùù. Ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bàbá, ṣé kí n tì í?"

"Mọ́tò ọtomátíìkì tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ta ló ń tì í? Má fọwọ́ kàn án mọ́, bátìrì á kú pátápátá. Mú ìyàwó rẹ wọlé ná."

Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi sílé, mi ò rí i kí ọkọ mi dákẹ́ nídìí mọ́tò rí.

Mo ní, "Bàbá Akóredé, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló dì. Ṣé ẹ rí epo pupa wa láàárọ̀ yìí? Ọyẹ́ tiwa yìí lásán ló dì í sínú ìgò tí mo fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àfi kí wọ́n rí ohun tí wọ́n á fi yọ́ ọ."

Mo rò pé wọ́n á pòṣé. Wọn ò pòṣé. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n á fi yọ́ ọ?"

Mujeebat, àbígbẹ̀yìn mi, ti ń wá nǹkan kiri lórí fóònù tirẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè. "Bàbá, wọ́n ní àwọn mọ́tò ibẹ̀ máa ń ní wáyà kan tó yọ jáde níwájú. Púlọ́ọ̀gì wà lẹ́nu rẹ̀ bíi ti áyọ́ọ̀nù. Iná ilé ni wọ́n ń kì í bọ̀, òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ti rí wáyà yẹn rí.

Nígbà tí Akóredé ra píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ ní Kánádà, kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀, ó fi fóònù yí i po kí bàbá rẹ̀ lè wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló wu Alhaji, àfi wáyà kan tó rọ̀ jáde níwájú. "Kí nìyẹn? Iṣẹ́ rewáyà olè nìyẹn! Mọ́tò tó ń jẹ epo, kí ló fẹ́ fi púlọ́ọ̀gì ṣe? Gé e dànù kó má baà dáná sun ọ́." Ta ló fẹ́ bá wọn wí? Ní Ìbàdàn níbí, wáyà tó bá rọ̀ lára mọ́tò, wàhálà ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bi í bóyá ó ti gé e. Ó ní, "Mo ti gé e, sà." Wọ́n ṣàdúà fún un pé ọmọ tó ń gbọ́ràn kì í ṣìnà. Èmi ni mo ṣe àmín.

Alhaji gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. Ohùn wọn ti yí padà. "Akóredé. Wáyà yẹn..."

"Bàbá, wáyà tí ẹ ní kí n gé?"

Fóònù já.

A pè é, kò wọlé. Mujeebat pè é, kò wọlé. A jáde sí ojú títì bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dáa níbẹ̀, kò dáa. Nígbà tí a padà wọlé, Alhaji ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mọ́tò wọn, nínú eruku.

"Mùsílímátù," ni wọ́n wí. Wọn kì í pe orúkọ mi. Ìyá Akóredé ni wọ́n máa ń pè mí. "Mùsílímátù, mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún wọn pé àkísà wọn ti pọ̀ jù. Inú ń bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n mo rántí pé èmi ni mo ṣe àmín. Mo jókòó tì wọ́n nílẹ̀ níbẹ̀. Nabeelah ni mò ń rò, bó ti di ìró mi mú nígbà tí oyún kejì bọ́, tí kò sunkún, tó kàn ń bi mí pé kí lòun ṣe.

Fóònù dún. Alhaji ò lè gbé e. Èmi ni mo gbé e.

"Màámi, ẹ fún Bàbá." Akóredé ń sunkún. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Irọ́ kí ni?"

"Mi ò gé wáyà yẹn. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe, ẹ̀rù bà mí láti gé ohun tí mi ò mọ̀. Mo ká a pamọ́ sẹ́yìn irin iwájú, mo fi okùn so ó. Mi ò lè sọ fún yín pé mi ò gbọ́ràn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ọkọ mi jẹ́ fún yín. Nítorí irọ́, wọ́n ti na ọmọ yìí ní kékeré títí èmi fi gba pàṣán lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yẹn náà ló fi iwájú orí kanlẹ̀ nínú eruku. "Alihamudulilahi," ni wọ́n ń wí. "Alihamudulilahi. Ọlọ́run á bù kún irọ́ rẹ. Lọ kì í bọ iná!"

Ó kì í bọ iná. Mujeebat wá kà á síta pé ó tó wákàtí méjì kó tó gbóná dáadáa nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì! Mo gba fóònù, mo dì í mú títí etí mi fi gbóná. "Mí díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi. Mú un mọ́ra. Má tíì fipá ti ọmọ." Ó ń dáhùn "ẹ̀n, Màámi" nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kò dáhùn, màá sì pariwo orúkọ rẹ̀ títí yóò fi dáhùn.

Wọ́n ti pe ìrun alásàárì kí Akóredé tó padà sínú mọ́tò, ọkọ̀ ọsibítù ò sì tíì dé.

"Àkànmú," ni mo wí, oríkì rẹ̀ ni mo pè. "Ṣíná rẹ̀ ní Bísímílà."

Gù. Gù. Gù. Ó dá ohùn dúró. Mo di ojú mi. Lẹ́yìn náà ó bú, ó ń hó, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá wa. "A ti ń lọ, Màámi!" Fóònù pa.

Alhaji dìde nílẹ̀. Wọn ò gbọn eruku ara wọn. Wọ́n wọ inú píkọ́ọ̀pù tiwọn, wọ́n ṣíná rẹ̀, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró kí n rí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó máa ń pa mọ́tò bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá mú wọn ní Dùgbẹ̀, nítorí pé epo ti wọ́n!

"Ẹ pa á, epo ń jó."

"Má fọwọ́ kàn án. Bí tèmi bá ń ṣiṣẹ́, tiẹ̀ ò ní kú lọ́nà."

Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ gbáà ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn kejì, mo wọlé tì wọ́n. Ooru mú wa, òógùn bo wa, àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri. Oòrùn ń rọlẹ̀, fóònù ò dún. Mi ò gbójú kúrò lórí ọwọ́ aago tó ń fi epo hàn, ó ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, títí ó fi fẹ́ kan pupa. Èmi tí mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni mo yọ orí jáde.

"Mujeebat! Gbé kẹ́ẹ̀gì, sáré lọ ra epo wá! Má jẹ́ kó kú o!"

Ó ṣì ń da epo náà sínú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ò sì dákẹ́, nígbà tí fóònù dún. Akóredé ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ohun tó ń sọ nítorí ariwo mọ́tò. Alhaji na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, wọn ò lè yí i. Èmi ni mo bá wọn yí i.

Mọ́tò dákẹ́. A wá gbọ́ ọ nígbà náà, ó ń ké kíkankíkan, ọmọ tuntun.