Ìṣẹ́tí Aṣọ Bíṣọ́ọ̀bù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi àbíkẹ́yìn ìyá aránṣọ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó díákónì kò ti jẹ́ kí ìyá náà gbádùn.

"Ìyá, ẹ máa kúnlẹ̀ kí Bàbá. Gbogbo wa là ń kúnlẹ̀."

"Bàbá ta? Èyí tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀? Ọlọ́run àti àwọn tó jù mí lọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún."

Ẹnu lásán ni, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ eegun. Bí òun bá kúnlẹ̀, òun kò ní ọmọ mọ́, ọ̀gá lòun ní.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀wù oyè tó rán lọ sí yàrá ìmúra ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wọ̀ ọ́, ẹ̀wù ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá kó pínnì sẹ́nu, ó kúnlẹ̀ nídìí ìṣẹ́tí aṣọ, bí aránṣọ ti í ṣe. Àfi gbàgà tí ìyàwó díákónì ṣílẹ̀kùn.

"Halelúyà! Ìyá ti kúnlẹ̀ fún Bàbá!"

Pínnì kún ẹnu ìyá, kò lè fèsì. Ó kàn gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ ni. Ni bíṣọ́ọ̀bù bá kúnlẹ̀ gbì síwájú rẹ̀, tòun ti ẹ̀wù oyè.

"Màámi, ẹ má bínú. Ọmọ yín ni mí, nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ìyàwó díákónì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá tu pínnì sọ́wọ́. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Dìde jàre. Ta ló ń wọn ìṣẹ́tí aṣọ lára ẹni tó kúnlẹ̀?"