Wosilat Ń Gbààwẹ̀, Ó Ń Sanra

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún 1974 wọlé, Rekiat, ẹ̀gbọ́n ọkọ Wosilat, gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn ní Ajégúnlẹ̀, ó sì jókòó tì í bí ọlọ́pàá. Ìkòkò ló ń ṣọ́. Lójú tiẹ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í sanra. Wosilat sì ń sanra, nítorí náà, ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ọgbọ́n orí Rekiat ò kún ṣíbí, síbẹ̀ gbogbo ilé gbà á gbọ́.

Ta ló bi wọ́n léèrè ìdí tí Wosilat fi ń wọ súwẹ́tà nínú ooru? Ohùn rẹ̀ há, awọ ara rẹ̀ gbẹ, nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, oorun sì ń gbé e lọ níbi tó bá jókòó sí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Sùrájù ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ní èbúté Àpápá, tó ń jẹ ẹ̀bà ọ̀sán ní Wharf Road láìtijú, òun náà ló búra pé bí ìyàwó òun kò bá rù kí ìtúnu ààwẹ̀ tó dé, kó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ẹ̀pẹ́. Ó dun Wosilat wọra. Ebi ń pa á ní tòótọ́, wọ́n sì ń pè é ní òpùrọ́.

Ọjọ́ tó dákú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ni Eucharia, aládùúgbò wọn, fà á lọ sí ọsibítù kan ní Àpápá.

"Dis one no be food o," ló ń wí lọ́nà.

Rekiat tẹ̀lé wọn kí àṣírí lè tú lójú rẹ̀. Sùrájù náà yà wá láti ibi iṣẹ́.

Dókítà fọwọ́ tẹ ọ̀fun Wosilat. "Ta ló ń mójú tó oúnjẹ rẹ̀?"

Orí Rekiat wú. "Èmi ni, dókítà! Láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo jókòó ti ìkòkò. Eṣinṣin ò lè kọjá mi. Kò fẹnu kan nǹkan kan lójú ọ̀sán, díẹ̀ náà ló sì ń jẹ tá a bá ṣínu."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "Kókó kékeré kan wà níwájú ọ̀fun, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Họ́mónù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fún ara bó ṣe máa lo oúnjẹ. Tirẹ̀ ń tòògbé. Bó jẹ díẹ̀, ara á tọ́jú ẹ̀, omi náà á dúró sí i lára. A máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n oògùn wà fún un."

Sùrájù ń wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ni Wosilat wí fún Rekiat, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ sókè. Ọkọ mi lè má gbọ́."