Òkúta Odò Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Kúbúrá

Láti ọjọ́ Ajé ni Alhaja Kúbúrá ti ń wo obìnrin aláṣọ funfun kan ní àwòmọ́jú láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Peckham. Ìbòrí àti jálàbíà ni Kúbúrá ń tà. Iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an ni kánsù àdúgbò ri òkúta ìrántí kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ibẹ̀ làwọn ará àtijọ́ ti ń wọ́dò kọjá, kí wọ́n tó fi páìpù gbé odò náà gba abẹ́ ọ̀dà. Ta ló bèèrè? Yàtọ̀ sí ajá tó ń tọ̀ sí i lára, kò sẹ́ni tó ń yà síbẹ̀.

Àfi obìnrin yìí. Láràárọ̀ ni yóò bọ́ bàtà, yóò gbé ìgò omi ti òkúta náà, yóò tan àbẹ́là, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa lọ wúyẹ́wúyẹ́.

Kúbúrá ì bá fojú fò ó, ṣùgbọ́n oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára Yusrah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin ni, àsìkò yìí lẹnìkan wá ń tan àbẹ́là síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀? Kúbúrá ní ẹbọ ni. Ó ní òun ò ní dúró kí àjẹ́ ké lónìí kí ọmọ kú lọ́la.

Lọ́jọ́ keje, ó jáde sí i.

“Madam, kí lẹ̀ ń gbé síbí?”

“Ẹ káàárọ̀, Alhaja. Àdúrà ni. Omi tó ń ṣàn ni wọ́n ní ká lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, etí odò Surrey Quays sì jìn. Ẹ dẹtí sí gọ́tà yẹn, ẹ máa gbọ́ odò nísàlẹ̀.”

“Ẹ lọ ṣe é níwájú ilé tiyín. Mo ti report yín sí council.”

“Òní ló máa parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìgò yẹn.”

Wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ ni Kúbúrá fi ta á. Ìgò fọ́ mọ́ òkúta, omi ṣàn wọ gọ́tà. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn.

Bọ́ọ̀sì kan dúró lódìkejì. Yusrah ló sọ̀ kalẹ̀, ó sọdá wá, kò tiẹ̀ rí ìyá rẹ̀.

“Aunty Ọláwùnmí, omi mi dà?”

Kúbúrá yíjú sí i. “Yusrah, níbo lo ti mọ obìnrin yìí?”

“A jọ ń ṣiṣẹ́ ní care home ní Forest Hill. Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Because ẹ máa ṣe báyìí.” Ó nawọ́ sí àfọ́kù ìgò.

Ọláwùnmí ní àfi káwọn tún ọjọ́ méjèèje bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Yusrah bá bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán lẹ́bàá òkúta. Kúbúrá sáré gbé ìgbálẹ̀ jáde, kó lè gbá àfọ́kù kúrò lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

“Mummy,” ni Yusrah wí, kò wẹ̀yìn, “ẹ má sún mọ́ mi.”