Ọgbẹ́ Àtàǹpàkò Afọlábí

Fàtímọ̀ ìyá Afọlábí ṣì wà láyé nígbà náà. Ògúndèjì, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Alápòtí, òun náà ṣì wà. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń gba ilẹ̀ oko ni, tí àlejò ń ya wọ Ọ̀tà bí omi òjò. Ara oúnjẹ àwọn àlejò wọ̀nyí ni Afọlábí ti ń jẹun: ẹlẹ́dẹ̀ Ògúndèjì ló ń pa, tó ń gbé fún àwọn olóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ìrun kan fo òun, ni pé ilé-iṣẹ́ àpò ọ̀rá ni òun wà ní Ṣàngó. Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Òun ló ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ aṣọ rẹ̀ kí òórùn má bàa tú wọn fó.

“Ìyàwó,” Fàtímọ̀ a sọ, “o ti fẹ́ ra ọsàn wẹ́wẹ́ ọjà Ìjù tán. Ṣé ọbẹ̀ lo fi ń sè ni?”

Lọ́jọ́ kan, ọ̀bẹ gé Afọlábí ní àtàǹpàkò. Ó fi àkísà dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ gan débi pé kò lè wo ilẹ̀, etí rẹ̀ ń hó. Ìyá rẹ̀ àti Ọláníkẹ́ gbé e dé ọsibítù.

Dókítà wo ọgbẹ́ náà. “Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà? Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kan ẹran tútù, bí ẹlẹ́dẹ̀?”

Fàtímọ̀ ló gbà á sọ. “Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Ọmọ Mùsùlùmí lẹ ń bá sọ̀rọ̀, dókítà. Ọ̀rá ló ń ṣe.”

Afọlábí wo ìyàwó rẹ̀. Ọláníkẹ́ wo ilẹ̀. Wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́ ibà.

Ọláníkẹ́ kò lè jókòó. Ó jáde, ó wọlé, ó tú gèlè, ó tún un wé. Bí òun bá sọ ọ́, ilé á dàrú. Bí òun ò bá sọ ọ́, ọkọ ń lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Afọlábí ń sọ ìsọkúsọ, kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ọláníkẹ́ bá dìde níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Dókítà, irọ́ la pa. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń pa. Ọ̀bẹ ibẹ̀ ló gé e.”

Lójú ẹsẹ̀ ni dókítà pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó ní kòkòrò kan wà lára ẹlẹ́dẹ̀ tó máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tó máa ń gun ọpọlọ, tó sì máa ń ba etí jẹ́. Ó ní ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ṣòfò yẹn pọ̀.

Fàtímọ̀ gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí Ọláníkẹ́. “Ìyàwó, ṣé bí mo ṣe burú tó lójú yín nìyẹn? Kí ọmọ mi kú, kí n má bàa bínú?”

Afọlábí yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di. Ó fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbin ilá sẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Bó bá fẹ́ pè é, a gba ojú fèrèsé ju òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun a sì yíjú.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọláníkẹ́ ń bọ̀ láti ìdí kànga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ìyá, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ń pè nínú yàrá. “Afọlábí. Afọlábí.” Ọkùnrin náà tẹ̀ sídìí ilá, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọláníkẹ́ da omi nù, ó sáré lọ fà á lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ìyá ti dákẹ́, kò mí mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.