Màámi Láàárín Ẹyẹ Òkun

Dúpẹ́, mo lálàá kan lálẹ́ àná tí kò yé mi. Mo wà létí òkun tá a ti máa ń wo ẹyẹ nígbà òtútù, yìnyín sì bo iyanrìn. Mo gbé awò tó ń mú ẹyẹ súnmọ́ni sójú, ni mo bá rí Màámi láàárín àwọn ẹyẹ. Wọn ò wọ bàtà. Wọ́n ń da àgbàdo sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìẹ ní Ìsẹ́yìn.

"Màámi, òtútù á mú yín o!"

"Ṣé o ti jẹun?" ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Kí n tó sọ̀rọ̀, gbogbo ẹyẹ ti gbéra, etí òkun ti ṣófo.

Mo pe Màámi lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" Mo ní oṣù tó ń bọ̀. N kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, Dúpẹ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́.