Kókó Kan ní Apá Òsì

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí oṣù èènì parí, Malsuk kò sì tíì rán apá ẹ̀wù méjèèjì, kò tíì parí ìbọ̀sẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ìbòjú rárá.

Oṣù èènì ni oṣù tí òṣùpá máa ń bù lé ọdún lẹ́ẹ̀kan ní bí ọdún mẹ́ta, bí ọlọ́jà ṣe ń bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan lé orí èyí tí a ti wọ̀n. Wọ́n ní àwọn ẹbọra kì í ka oṣù náà mọ́ oṣù, pé ṣe ni wọ́n máa ń kọjú sí ògiri títí yóò fi parí, ohun tí ènìyàn bá sì ṣe nínú rẹ̀, ojú wọn kò tó o. Nítorí náà, oṣù yẹn ni wọ́n ń tún ibojì ṣe ní abúlé Norugol, òun náà ni wọ́n sì ń rán aṣọ ìsìnkú fún àgbàlagbà tó ṣì wà láàyè. Aṣọ ìsìnkú tí a bá rán lóṣù èènì kì í pe ikú wá. Ẹ̀mí ni wọ́n ní ó ń fà gùn. Ṣùgbọ́n bí èyí bá ti kọjá, ó tún di ọdún mẹ́ta.

"N kò ní dé ibẹ̀," ni Ìyá Hagok wí lọ́jọ́ tí oṣù náà lé, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé òun kò ní lọ ọjà lọ́la. "Bí o kò bá parí rẹ̀ lóṣù yìí, aṣọ ọlọ́jà lẹ máa fi sin mí, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán. Má jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá ọkọ Malsuk ni. Hagok ni abúlé tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, orúkọ abúlé náà ni wọ́n sì fi ń pè é títí ó fi di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ Malsuk ti kú, Gyuseok ọmọ ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìlú ńlá nílé iṣẹ́ bàtà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kò tíì rí ìyàwó fẹ́. Opó méjì ló kù nínú ilé, pẹ̀lú oko ata kan lẹ́yìnkùlé.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Malsuk ti wà lábẹ́ òrùlé náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kó rán ọrùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Ó rán an, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá ọkọ. Ìyá Hagok fi ìka ìfábẹ̀lá rìn ín láti òpin kan dé èkejì, ó dá a padà fún un.

"Tú u."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Malsuk tú ọrùn ẹ̀wù náà, títí aṣọ ọ̀hún fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ti ń bá a gbé. Ó gbọ́ ọ nígbà oyún, ó gbọ́ ọ nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tó sì ń rán aṣọ ọ̀fọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ojú Ìyá Hagok fọ́, Malsuk rò nínú ọkàn rẹ̀, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì í, pé ọ̀rọ̀ náà ti dópin. Kò dópin. Ìka arúgbó náà kò fọ́.

Agbọ̀n ìránṣọ ilé náà kò tíì yí padà láti ayé ìgbà yẹn. Tìmùtìmù abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi irun kún, irun tí Ìyá Hagok ń ṣà lẹ́nu òòyà lọ́dún tó wọlé ọkọ, torí òróró orí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dípẹtà. Ìbọ̀ka alákìísà pupa wà níbẹ̀, ó ti dúdú lórí níbi tí ìdí abẹ́rẹ́ ti ń tì í. Igi ìwọn aṣọ tí àmì ara rẹ̀ ti pa rẹ́, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ló mọ ibi tí wọ́n wà. Àlùmọ́gàjí tí kò gbọdọ̀ gé ohun mìíràn bí kò ṣe aṣọ. Ọjọ́ tí Malsuk fi gé okùn ata, ó jìyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Áyọ́ọ̀nù kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń sùn nínú ẹyin iná.

Òfin tó sì wà lórí aṣọ ìsìnkú, gbogbo obìnrin Norugol ló mọ̀ ọ́n. A kì í so kókó sí i. A kì í rán an padà sẹ́yìn. Iwájú ni abẹ́rẹ́ ń lọ, torí iwájú ni òkú ń lọ. Ìdí òwú ni wọ́n ń tẹ́ lé ojú ìránṣọ, wọn á sì rán an mọ́lẹ̀ kó má baà yọ. Kókó tí a bá so sára òkú, ẹsẹ̀ ọmọ ló ń so. Malsuk a sì máa ronú kan Gyuseok àti ọ̀nà rẹ̀ tí kò là.

Lójoojúmọ́ oṣù náà, kí òrùn tó yọ ni Malsuk ti wà láàárín ata. Ata ti pọ́n, òjò sì ń dún mọ́ wọn. Bí wọn kò bá ká a, yóò rà mọ́ igi. Bí òrùn bá mú, yóò tẹ́ ata sórí ẹní, yóò bu omi tútù lé ìrẹsì, àwọn méjèèjì yóò jẹ ẹ́ pẹ̀lú ata tútù tí wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀wà sóyà lílọ̀ tó ti kan. Ìgbà yẹn ni yóò tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó, tí yóò gbé aṣọ ọ̀gbọ̀ lé itan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó. Ìka rẹ̀ ń ta á nítorí ata, bó bá sì gbàgbé tó fi nu òógùn ojú, ẹkún ọ̀sán di dandan.

Ìyọnu tó tún wà níbẹ̀ ni ihò abẹ́rẹ́. Malsuk ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ihò abẹ́rẹ́ sì ti di ohun tó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lásán. Ìyá Dongpil, aládùúgbò wọn tó jẹ́ àbúrò fún un ní ọdún mẹ́wàá, ló ń wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un láràárọ̀, ogún lẹ́ẹ̀kan, tí yóò gún wọn sórí tìmùtìmù bí ẹ̀gún.

Lọ́jọ́ kìíní tó wá, ó ti ṣe ogún tán kí Malsuk tó gbé ọ̀kan sókè.

"Ìyá Dongpil! Kí lo so sí ìdí òwú yìí?"

"Kókó ni, Ẹ̀gbọ́n. Kí ni à bá tún so?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ọwọ́ mi ni o, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ tó ti ń so kókó sí ṣòkòtò Dongpil láti àárọ̀ ọjọ́."

"Èmi tí o fẹ́ fi okùn so mọ́lẹ̀ nìyẹn," ni Ìyá Hagok wí láti orí ẹní rẹ̀. "Kí n máa fà tìtì lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run bí ewúrẹ́."

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ Gyuseok rán an. Ó wà nínú yàrá, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ọ̀sán kan ló máa gbà!"

"Ẹ̀rọ tí ń so kókó ní gbogbo ibi tó bá ti gún aṣọ?" ni Ìyá Hagok dáhùn. "Tú ìránṣọ rẹ̀ wò: òwú òkè ń dì mọ́ ti ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dára fún ẹni tó ń lọ oko. Fi òwú sílẹ̀, jàre, kí o máa lọ fún ọkọ rẹ lóúnjẹ."

"Ọkọ mi ti jẹun, ó ti mutí, ó ti sùn. Òun ló yẹ kí a máa wọn aṣọ yìí fún."

Ìyá Hagok rẹ́rìn-ín músẹ́. Malsuk kò rẹ́rìn-ín, ó ń gé kókó ogún kúrò níkọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ó di pé kó máa wo ìdí òwú kọ̀ọ̀kan kó tó gún aṣọ, torí bí Ìyá Dongpil ti wù kó rántí tó, ọ̀kan tàbí méjì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà, òjò ti fi àárọ̀ halẹ̀ kò rọ̀, ooru sì bo abúlé mọ́lẹ̀. Àwọn kòkòrò inú igi ń han gooro. Malsuk ti parí ìbọ̀sẹ̀, ó ti parí ìbòjú, ó ti rán apá ọ̀tún mọ́ ẹ̀wù. Apá òsì nìkan ló kù. Ó mú abẹ́rẹ́ kan láìwò ó, ó rán láti abẹ́ abíyá títí dé ìgbúnwọ́. Ibẹ̀ ló ti fa aṣọ náà yọ kó lè nà, tí àtàǹpàkò rẹ̀ sì kan ohun kan tó le lábẹ́ abíyá, kékeré bí hóró ọkà bàbà.

Ó jókòó sójú kan. Ó wo bó ṣe jìn tó láti ibẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Ó wo òrùn.

Lẹ́yìn náà, ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn, ó sì ń rán lọ.

Kò lè sọ ohun tó rò. Bóyá kò rò nǹkan kan. Nígbà tó dé ọrùn ọwọ́, ó já òwú, ó ká ẹ̀wù náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá ọkọ bó ti ń gbé e fún un láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ìyá Hagok bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ìka náà ń rìn jẹ́jẹ́, kò yára, kò fo ibì kan. Ó gba èjìká ọ̀tún, ó sọ̀kalẹ̀ lápá, ó padà. Ó gba ẹ̀yìn. Ó dé abẹ́ abíyá òsì, ó dúró.

"Ìyá Gyuseok."

"Ìyá."

"Kókó wà níbí."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o kò tú u?"

Malsuk wá ìdáhùn. Àwọn tó ti ń fi dáhùn látẹ̀yìnwá, ẹ má bínú, ojú mi ni kò tó o, mo máa tú u nísinsìnyí, kò sí ọ̀kan tó dá a lóhùn nínú wọn.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí.

Kò tíì sọ ọ́ rí nínú ilé náà. Ó dúró de ohun tí yóò bọ́ lé e lórí.

"Láti ìgbà wo?" ni Ìyá Hagok bi í.

"Láti ọdún tí mo dé."

Àwọn kòkòrò han, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún han. Arúgbó náà ń fi ẹnu ìka ra ibi tí kókó náà wà, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ra èékánná ọmọ.

"Ẹn-hẹ́n," ló wí nígbà tó yá. "Èmi náà, láti ọdún tí mo dé ni."

Ó na ọwọ́. "Sún agbọ̀n yẹn mọ́ mi. Ìbọ̀ka mi ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tó ti ní òwú kù?"

"Ó ku mẹ́rin. Ìyá, ẹ ò lè..."

"Ta ló bi ọ́? Wá ìrọ̀rí, kí o fi ẹ̀yìn lélẹ̀."

Malsuk dùbúlẹ̀ sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ máa wò ó ni. Ó gbọ́ àlùmọ́gàjí tó gé òwú, ó gbọ́ ọ̀gbọ̀ tó ń ya kúrò lára ara rẹ̀, ó gbọ́ abẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ tó jáde, tó pẹ́, tó tún wọlé. Ọ̀sán gangan ni, ata wà níta, ó sì sùn. Kò tíì sùn lọ́sàn-án rí láti ìgbà tó ti di aya ilé.

Nígbà tó jí, òrùn ti fara kan orí òkè. Ìyá Hagok jókòó síbi tó wà, aṣọ lórí itan, ìka rẹ̀ mẹ́ta ní àmì ẹ̀jẹ̀.

"Wò ó," ló wí. "Báwo ló ṣe rí?"

Malsuk fi ìka ìfábẹ̀lá rin ojú ìránṣọ náà láti abẹ́ abíyá dé ìgbúnwọ́. Kò sí kókó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ bí ipasẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀, èyí gùn, èyí kúrú, òmíràn tilẹ̀ ti fò sọdá.

Kó tó mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ tú u."

Ó gbá ẹnu mú. Ìyá Hagok gbé orí sókè, ojú tí kò ríran náà kọ sí i tààrà. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, títí Malsuk fi ní láti máa lù ú lẹ́yìn.

"Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ burúkú yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Olùkọ́ burúkú gbáà." Ó nu ojú. "Òrùn ńkọ́?"

"Ó ń wọ̀."

"A jẹ́ pé kò sí títú mọ́ nìyẹn. Fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, kí o ká a, kó tó di oṣù tí wọ́n ń kà."

Malsuk lọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e sínú àpótí páálí pẹ̀lú ewé tábà gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ó sì tì í sókè àjà kí òkùnkùn tó ṣú. Ó jáde lọ kó ata rẹ̀.

Ìgbà òtútù kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀. Gyuseok ti dé láti ìlú, ó wà níta pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Àwọn obìnrin wẹ òkú Ìyá Hagok, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, wọ́n gbé ẹ̀wù. Ìyá Dongpil ló di apá òsì mú, tí ìka rẹ̀ sì kan ojú ìránṣọ náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán ibí yìí báyìí?"

Malsuk gba apá ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra fa ọwọ́ tútù náà gba inú rẹ̀ kọjá. Kò há rárá.

"Èmi ni," ló wí. "Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà."