Ẹni Tó Ń Sọ Pé Ọtí Ti Pé

Kí àgbàdo tó hù rárá ló ti rẹ Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ti rẹ ẹ́ sómi, ó ti sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ó ti tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti fi ewé mìíràn bò ó kó lè hù. Ó wá jókòó tì í lórí àpótí bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Tẹ́lẹ̀, orin ló máa ń kọ nídìí àgbàdo. Báyìí, ìbàdí rẹ̀ ló ń fọwọ́ tẹ̀.

Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn. Ní Òwu-Ìsin, bí ọdún àwọn baba-ńlá bá dé, tí wọ́n bá gbé àmù ọtí síwájú ojúbọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bù ú àfi bí Rẹ̀mílẹ́kún bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tó gbójú sókè, tó ní, "Ó pé." Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Baálẹ̀ ì báà wà ní ìdúró, oòrùn ì báà máa pa gbogbo wọn, ẹnu Rẹ̀mílẹ́kún ni wọn ó máa wò. Kò kọ́lé alájà, kò ra mọ́tò. Ohun tó ní láyé nìyẹn, ó sì tó o.

Àṣé ẹnu ọ̀hún ti kú, kò kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ni. Ikọ́ burúkú kan ló mú un nígbà ọyẹ́ èṣín. Ikọ́ lọ, ó gbé imú rẹ̀ lọ. Kò gbọ́ òórùn irú, kò gbọ́ òórùn èéfín, ọbẹ̀ á jóná mọ́ ọn lójú ni yóò tó mọ̀. Bí imú ṣe lọ, adùn náà bá a lọ. Iyọ̀ ṣì ń jọ iyọ̀ díẹ̀, oyin ń jọ oyin díẹ̀, gbogbo ohun yòókù dà bí omi gbóná lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó ṣe sùúrù. Ó ṣe é títí, ó sú u.

Bí ọdún ṣe dé lẹ́yìn ikọ́ náà nìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló ń pọntí fún ọdún, òun àti méjì mìíràn, inú àmù kan náà ni wọ́n sì máa ń da tiwọn pọ̀ sí. Rẹ̀mílẹ́kún tọ́ ọ wò, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní, "Ó pé." Kò pé. Ìdajì ìlú ni inú ń run kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn àgbà ní ọtí mẹ́ta tí kò bára mu ló fà á, pé lọ́dún tó ń bọ̀ kí àwọn obìnrin náà fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí wọ́n máa pọn irú kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó dá Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́bi. Ìyẹn gan-an ló dun ún jù.

Janet ló pè é lórí fóònù. Janet ló kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìgbàjà ló ń gbé, nílùú tí pásítọ̀ pọ̀ ju adìyẹ lọ, ẹ̀yìnkùlé ló sì ti ń pọntí rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mà, ẹ jẹ́ kí kálukú pọn ọ́n bó ṣe mọ̀ ọ́n pọn. Ká rọ ọ́ sígo, ká pàrọ̀ igo, ká tọ́ ọ wò, ká wá mú ọ̀nà kan. Ìyá Ìsánlú ti gbà."

Ìyá Ìsánlú ni Tẹjúmádé, ọmọ Òwu-Ìsin tó ń gbé ní Ìsánlú-Ìsin. Ẹnu rẹ̀ mú. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó ti sọ lójú gbogbo ayé pé bó bá rẹ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún, kí wọ́n pe òun, òun wà ńlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mílẹ́kún náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé. Báwo ló ṣe fẹ́ ní òun ò wá tọ́tí wò? Wọ́n á bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní kò burú.

Bí Rẹ̀mílẹ́kún ṣe pọntí náà tán, ó wá igo. Bàlíkísù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni ì bá bá a tọ́jú ìyẹn. Mùsùlùmí ni, kì í fọwọ́ kan ọtí, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ igo fún ìyá ọkọ rẹ̀. Bàlíkísù ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ṣàárẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún tẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀, ó fa àwọn igo tó rí níbẹ̀ jáde. Omi díẹ̀ ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ọ̀kan. Ó gbà pé omi tí wọ́n fi ṣan án ni. Ó dà á nù, ó rọ ọtí sí i, ó sì dé e.

Nílé Janet, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ni wọ́n jókòó sí. Janet ti fi ìwé ìròyìn wé gbogbo igo, ó ti pò wọ́n pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbè sẹ́yìn tirẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀kan, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹjúmádé fẹ́ kí wọ́n fi ọkà bàbà lú àgbàdo. Janet fẹ́ ata ilẹ̀.

"Ata ilẹ̀ kẹ̀?" Tẹjúmádé ní. "Ṣé àgbo lo fẹ́ fún àwọn baba wa ni?"

"Àgbàdo nìkan," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Kó pẹ́ lábẹ́ ewé díẹ̀ sí i. Ìyẹn náà tó." Ó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí kó máa lọ sílé.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò ná," ni Tẹjúmádé dáhùn. Ó ṣí igo kan, ó rọ ọ́ fún Rẹ̀mílẹ́kún ṣáájú nítorí òun ni àgbà, lẹ́yìn náà ló rọ tirẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún kò jẹ́ kó pẹ́. Bí èèyàn bá ń fà á, wọ́n á rí i lójú rẹ̀. Ó gbé e mu. Ó yọ̀ díẹ̀ lórí ahọ́n, ó sì ta á lọ́fun, ó wá rò pé agbára ọtí ni. Ó gbójú sókè bó ṣe máa ń ṣe níwájú ojúbọ.

"Èyí dáa," ó ní. "Ẹni tó pọn èyí mọwọ́ ẹ̀. Ká mú èyí."

Tẹjúmádé ti gbé tirẹ̀ dé ẹnu. Ó dúró. Ó wo inú ife náà, ó wo Rẹ̀mílẹ́kún, tó tún ti ń gbé tirẹ̀ lọ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá ara rẹ̀ láre. Tẹjúmádé na ọwọ́, ó já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Eṣinṣin kó sí i," ó ní, ó sì da méjèèjì nù sí ibi tí Janet ti ń fọ abọ́.

"Mà, òórùn kí ni..." Janet bẹ̀rẹ̀.

"Mo ní eṣinṣin ni! Ṣí igo mìíràn."

Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ti wo ilẹ̀. Omi ìfọbọ́ ti rogún síbẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè sì ń tàn ká orí rẹ̀, aró, pupa, ìyeyè. Kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì sítóòfù Bàlíkísù ni, èyí tó pè lómi nísàlẹ̀ igo. Igo òun ni. Òun ló mu ún, òun náà ló tún yìn ín. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Kò mọ ohun tí wọ́n sọ nípa igo yòókù. Ó ń mi orí ṣáá. Bí ọ̀kadà ṣe dé, ó gun ún, kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, ó ń retí kí ọ̀rọ̀ jáde. Bí àwọn obìnrin bá ń rẹ́rìn-ín nídìí omi, àyà rẹ̀ á já. Kò gbọ́ nǹkan kan. Janet kàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí wátísáàpù pé àgbàdo nìkan ni wọ́n jọ fẹnu kò sí, gẹ́gẹ́ bí Mà ṣe wí, àti pé ilé Mà ni wọn yóò ti pọn gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ọtí ọdún kù díẹ̀ kó pé, Tẹjúmádé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà, òun àti àpò rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún wà nídìí àmù. Kò dìde.

"O ti dé," ó ní. "Gbà á, Tẹjú. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ sọ fún wọn pé ìwọ ni wàá máa tọ́ ọ wò."

"Ta ló sọ fún yín pé kò rẹ èmi?" Tẹjúmádé fa àpótí, ó jókòó, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Àwọn oríkèé ìka ti wú, wọ́n ti wọ́. "Làkúrègbé ni. N ò lè ro ìkòkò mọ́, Ẹ̀gbọ́n. N ò lè fún asẹ́. Igo tí mo gbé wá sí Ìgbàjà, Janet náà ló bá mi pọn ọ́n. Ẹ kàn ń wò mí bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ni."

Rẹ̀mílẹ́kún wo ọwọ́ náà títí. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń fẹnu gún ara wọn, ó ń rò pé obìnrin yìí kò ní ìṣòro kankan láyé.

"Kí ló wá kù fún wa?" ó béèrè.

"Ọwọ́ tiyín, imú tèmi." Tẹjúmádé fi igbá bu ọtí náà.

"Báwo ni òórùn rẹ̀?" Rẹ̀mílẹ́kún béèrè. Láti ìgbà ikọ́ yẹn, kò tíì rí ẹni tó lè bi.

Tẹjúmádé fa òórùn náà símú, ó dijú. "Ó ń rùn bí àká ìyá yín," ó ní, "nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ rántí? Nígbà tí wọ́n máa ń lé wa kúrò níbẹ̀."

Ó rántí. Ó rí àká náà, ó rí ìyá rẹ̀ tó fi ìgbálẹ̀ lé wọn, òun àti Tẹjúmádé kékeré, tí àwọn méjèèjì ń sá lọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó gba igbá náà, ó tọ́ ọtí tí kò lè gbọ́ adùn rẹ̀ wò, ó sì gbójú sókè.

"Ó pé," ó ní.